Ní Ti Àwọn Tí A Dá Ẹ̀wọ̀n Gbére Fún

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí a kì í fi ẹnu lásán pè, èyíinì ni "gbére". Nígbà tí òkú bá ti wọ ilẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń padà bọ̀ láti ibojì, wọn a wí pé, "Ó dìgbére." Wọn kò wí pé ó di ọ̀la, wọn kò sì wí pé ó di ọdún tí ń bọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan tí a lè dá. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni àwa Yorùbá mú, tí a fi ń pe ìdájọ́ tí ó so ènìyàn mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fi pin. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀wọ̀n gbére mọ ohun tí ó ń sọ. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀: òkú kò gbọ́ ìdágbére tí a dá fún un, ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n gbọ́ tirẹ̀; ó sì ní láti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fẹ́ kà nígbà tí ó bá jókòó sínú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀ a bẹ̀ yín kí ẹ fi ara balẹ̀ bá wa rìn nínú rẹ̀ díẹ̀.

Ìjọ tí a ń ṣe katikíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí Liverpool Road ní Apapa, ní apá ibi tí ọ̀nà èbúté àti ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ gbé súnmọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ni ọ̀nà náà, àwa ẹlẹ́sẹ̀ kàn ń yá a lò ni. Ọ̀nà yìí náà ni a ń gbà lọ sí ìhà Tin Can, tí a sì ń gbà dé Kirikiri, níbi tí a kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá sí ní ọdún 1955. Nítorí náà, láàárín àwọn awakọ̀, àwọn alágbàrù, àti àwọn tí ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, a máa ń rí àwọn obìnrin kan tí wọn kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Ọṣẹ, gààrí, ṣúgà àti ẹja gbígbẹ ni ó wà nínú àpò wọn. Wọn kì í bá kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ jà lórí owó. Bí ojú wọn bá ṣe é ṣe pẹ̀lú tiwa, wọn a yára wo ilẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí àwa pẹ̀lú ti ń lọ bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. A kò ní dárúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí a ń lọ, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tí a bá níbẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú túbú kò ní ìlẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ lè tì. Bí a bá tún mú orúkọ rẹ̀ kiri, kí ni ó kù fún un?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ènìyàn rò pé ògiri ni ó ń pa ẹlẹ́wọ̀n gbére ní àwọn ọdún ìṣáájú, tàbí ebi, tàbí ìtìjú. Ìwọ̀nyí ní agbára tiwọn, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ti rí ni pé àìní iye ni ó wúwo jù lọ. A ti gba òǹkà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí yóò bá sì yè pẹ̀lú orí rẹ̀ ní pípé, àfi kí ó wá ohun mìíràn tí yóò máa kà.

Àwọn baba wa kò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọnù nínú àkókò. Ọjà ni ó ń sọ fún wọn pé ọjọ́ ti yí. Bí a bá ní kí ẹnìkan padà wá lẹ́yìn ọjà mẹ́ta, ó mọ iye ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ yóò gbé igbá rù kí ọjọ́ náà tó pé. Wọ́n sì ní òwe kan tí wọ́n fi ń gba ẹni tí ìyà ń jẹ níyànjú, pé ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Òwe dáradára ni. A ti pa á fún ẹni tí a jù sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje, ó sì mi orí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún yóò wo ojú ẹni tí ó pa irú òwe bẹ́ẹ̀ fún un, yóò sì bi í pé, "Ogún ọdún wo?"

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ní ayé àtijọ́ tiwa, owó ìtanràn, tàbí lílé kúrò ní ìlú, tàbí oko ẹrú, tàbí ikú ni a fi ń dá ọ̀daràn lẹ́jọ́. Kì í ṣe kí a ti ènìyàn mọ́ inú ilé kan títí yóò fi hu ewú, títí yóò fi kú síbẹ̀. Túbú Broad Street ní Èkó, ọdún 1872 ni ìjọba òyìnbó dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a sọ di Freedom Park ní ọdún 2010, tí àwọn ọ̀dọ́ ń lọ gbọ́ orin. Ìyà náà kò tíì pẹ́ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀ tí èdè wa yóò fi rí òwe tí ó bá a mu.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1995. Ilé ẹjọ́ pàtàkì ti ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha dá ẹ̀wọ̀n gbére fún àwọn oníròyìn mẹ́rin: Kúnlé Àjíbádé ti ìwé ìròyìn TheNEWS, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles-Obi. Wọ́n dá irú rẹ̀ fún Dókítà Béékò Ransome-Kútì pẹ̀lú. Wọn kò rí ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníròyìn wọ̀nyí, ìròyìn lórí ọ̀ràn ìdìtẹ̀ sí ìjọba ni wọ́n gbé jáde. Ní oṣù October ọdún náà, ìjọba dín ìdájọ́ wọn kù sí ọdún 15. Ẹni tí ó wà ní ìta lè béèrè pé kí ni ìyàtọ̀, nítorí ọmọ tí a bí ní ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 bẹ̀rẹ̀ yóò ti dàgbà kí ó tó parí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń bá ẹlẹ́wọ̀n jókòó mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ọdún 15 jẹ́ oṣù 180. Ó burú, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí a lè fi ọwọ́ dì í mú. A lè fi èédú sàmì rẹ̀ sára ògiri, kí a sì máa pa á rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àjíbádé wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Makurdi títí di ọdún 1998, lẹ́yìn ikú Abacha. Nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, "Jailed for Life" ni ó pè é. Oṣù díẹ̀ péré ni gbére fi wà ní ọrùn rẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù, síbẹ̀ òun ni ó gbé sí iwájú ìwé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ọ̀ràn rẹ̀ kọ́ wa ní púpọ̀ nínú ohun tí a ń sọ yìí. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni. Iṣẹ́ rewaya ni ó ń ṣe lára ọkọ̀ akẹ́rù ní etí Liverpool Road. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan lórí owó tí kò tó ra adìyẹ ọdún, ó gbá ẹnìkan ní irin, ẹni náà kò sì dìde mọ́. Ilé ẹjọ́ gbà pé kò pète láti pa á. Ṣùgbọ́n òfin fi àyè sílẹ̀ kí adájọ́ lè dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tí ó pa ènìyàn láìpète pàápàá, adájọ́ sì dá a. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà.

Ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́, kò ní abọ́. Nínú ìdérí abọ́ ẹlòmíràn ni ó ti ń jẹun. Bí a bá bi í léèrè, a ní, "Ẹni tí ń lọ kì í ra abọ́." Kò kọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà; "bọ̀ọ̀dá" ni ó ń pe gbogbo wọn, àtàgbà àtọmọdé. Bí wọ́dà bá mi kọ́kọ́rọ́, yóò dìde dúró. Ó há nọ́ḿbà ìwé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ sórí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ìwé ti í há ìṣirò. Ó sì ń rò ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró gbọ́: ibi tí òun dúró sí, ẹni tí ó kọ́kọ́ la ẹnu, bí irin náà ti wà nílẹ̀ kí ọwọ́ òun tó bà á. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ìtàn náà a yí díẹ̀. A kò rò pé irọ́ ni ó ń pa. Ó dàbí ẹni pé, bí òun bá lè rò ó dáradára tó, alẹ́ ọjọ́ náà yóò gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Kì í sùn ní òru, ọ̀sán ni ó ń sùn. Ó wí fún wa pé ní ojú àlá, lábẹ́ ọkọ̀ ní Liverpool Road ni òun máa ń wà, pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, àti pé kò sí ohun tí ó burú tó ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òun bá la ojú, kí òun tó rántí.

Àwọn kan wà nínú àwọn tí ń wá wàásù níbẹ̀ tí wọ́n pe èyí ní agídí, tí wọ́n sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó gba kádàrá. Àwa kò bá wọn wí i. Ọ̀pá tí arọ fi ń tilẹ̀ ni àìgbàgbọ́ yẹn jẹ́ fún un. A kì í já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ arọ nítorí pé a fẹ́ kí ó rìn. Kì í sì í ṣe ní Èkó nìkan ni a ti rí i bẹ́ẹ̀. Ben Crewe, Susie Hulley àti Serena Wright ṣe ìwádìí láti Cambridge láàárín àwọn tí a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ní ìgbà èwe wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 2020. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọdún ìṣáájú ni ó nira jù, kì í ṣe àwọn tí ó tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ìbá ti rò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dàbí ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí ìṣàn odò. Ẹni tí ó ti pẹ́ ti kọ́ bí a ti ń bá omi lọ láìrì. Kí a má gbàgbé pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ a sábà máa dá iye ọdún tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lò kí a tó lè gbé ọ̀ràn rẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n fún wọn ní nǹkan kà.

Ohun tí ó burú ju ìwàásù kádàrá lọ ni àsọtẹ́lẹ̀. Àwọn ará wa kan a máa wọlé, wọn a gbé ohùn sókè, wọn a ní ìlẹ̀kùn yóò ṣí kí oṣù December tó parí. Wọ́n a sì padà sí ilé wọn lọ jẹun. Kò sí ẹni tí ń bá wọn wà níbẹ̀ ní January. Àwa mọ January yẹn. Ìgbà náà ni ọkùnrin a kọ oúnjẹ, tí a yí ojú sí ògiri, tí àwọn tí ó bá a sùn a máa ṣọ́ ọ ní òru láìsọ fún un pé àwọn ń ṣọ́ ọ.

Ní ọdún kejì, nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà kò tilẹ̀ tíì dé iwájú àwọn adájọ́, ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń bọ̀ láti ibi àbẹ̀wò, ó sì bá wa ní etí ọ̀nà. Obìnrin tí ń ta ẹja ni, kì í ṣe ẹni tí omijé rẹ̀ súnmọ́. Ó ń sunkún.

"Tíṣà," ni ó wí, "ọmọ mi ti gbà pé ibẹ̀ ni òun yóò kú sí."

"Kí ni ó sọ, Ìyá?"

"Ó ní kí n ra abọ́ onídèérí wá."

A sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ nu ojú yín. Ẹni tí ó fẹ́ kú kì í béèrè abọ́."

A kò mọ̀ bóyá ó gbà wá gbọ́ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ra abọ́ náà, aláwọ̀ ewé, ó sì fi ìṣó gbígbóná kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ. Ó tún rédíò ẹnìkan ṣe. Ó bèèrè ìwé ìṣirò lọ́wọ́ wa. Kò jáwọ́ nínú ẹjọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí ó jáwọ́. Ṣùgbọ́n kò dìde mọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá mì.

Nípa ohun kékeré ni ọ̀nà fi ń là. A dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Nelson Mandela àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní June 1964, a sì kó wọn lọ sí Erékùṣù Robben ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan àti àbẹ̀wò kan ní oṣù mẹ́fà ni a gbà fún wọn. Òkúta ni wọ́n ń fọ́. Ṣòkòtò péńpé ni a fún àwọn ènìyàn dúdú, bí ẹni pé ọmọdé ni wọ́n, nígbà tí àwọn ará Íńdíà tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ń wọ gígùn. Mandela sì jà nítorí ṣòkòtò. Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín: ẹni tí gbére wà ní ọrùn rẹ̀ ń ṣe ìjà ṣòkòtò! Ṣùgbọ́n ìjà ṣòkòtò ní òpin. A lè ṣẹ́gun nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun. Àwọn ohun kan wà tí kò sí ọgbọ́n tí ó ràn wọ́n. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1968, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin kú ní ọdún 1969, ìjọba kò sì jẹ́ kí ó lọ sin ẹnìkankan nínú wọn. Ó lo ọdún 27 nínú ẹ̀wọ̀n kí ó tó jáde ní ọdún 1990.

Ní Kirikiri níhìn-ín, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NOUN ti dá ibi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n kì í sì í san owó ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń béèrè pé kí ni ẹlẹ́wọ̀n gbére yóò fi ìwé ẹ̀rí ṣe. Ìbéèrè ẹni tí ó yó ni. Ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà àti òpin sáà. Ó ní ọjọ́ ìdánwò. Ọjà ni fún un.

Ti àwọn ìyàwó ni ó máa ń fún wa ní ìdààmú jù. Ìyàwó ẹni tí a jù sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lè jókòó kí ó ka ọjọ́ orí ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì pinnu. Èwo ni ti èyí yóò kà? Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n lé ìyàwó wọn lọ fúnra wọn ní ọdún àkọ́kọ́, kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ wọn, bí kò ṣe pé ìpinnu kan ṣoṣo tí ó kù ní ọwọ́ wọn nìyẹn. Àwọn mìíràn kọ àbẹ̀wò, nítorí ọjọ́ kan àbẹ̀wò a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ wọn kí ọkàn wọn tó tún rọlẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi. A kò sì gbàgbé pé ìyá ẹni tí ó kú nínú ìjà náà ṣì wà ní Ajégúnlẹ̀, ó ń kọjá ní iwájú ìsọ̀ ẹja ìyá kejì, àti pé tirẹ̀ náà, gbére ni. Àwọn ìyá méjèèjì kì í kí ara wọn.

Àgbà ẹlẹ́wọ̀n kan wà níbẹ̀ tí ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Ikú ni a dá fún un ní ìṣáájú. Ó jókòó ní yàrá àwọn tí ń dúró de okùn fún ọdún púpọ̀, kí a tó sọ ọ́ di gbére. Òfin àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 ti wí pé bí ẹni tí a dá ikú fún bá ti lo ọdún 10 láìjẹ́ pé a pa á, tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ sì ti parí, Adájọ́ Àgbà lè yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọjọ́ tí wọ́n ka tirẹ̀ fún un, ó jó. Ìdájọ́ kan náà tí ó ń mú ọmọ ọdún 24 ṣubú lulẹ̀ ní ilé ẹjọ́, òun ni bàbá yìí fi jó.

Òun ni ó bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò tíì rí ìdáhùn rẹ̀. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ àwọn ọ̀daràn wí pé ilé ẹjọ́ lè dá ẹni tí ó hùwà rere sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn, bí ó bá ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ìbáà ṣe ọdún 15 tàbí gbére. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbére, ọdún mélòó ni?" Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ dákẹ́.

Bàbá yìí ni ó máa ń gba àwọn tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kì í bi wọ́n pé ọdún mélòó ni a dá fún wọn, kì í sì í sọ̀rọ̀ ìtùnú. A wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí wọ́n mú ọmọkùnrin kan wọlé, tí ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Bàbá náà mú un ní ọwọ́ lọ sí ibi tí wọ́n to korobá omi sí.

"Ìwọ ni yóò máa kà wọ́n ní àràárọ̀," ni ó wí fún un. "Méjìdínlógójì ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá dín, ọwọ́ rẹ ni a ó ti béèrè."

Ọmọkùnrin náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì.